Ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà kan kò sọ èèyàn di Lord

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo rí ọmọ ìlú wa tó ṣe ọjọ́ ìbí nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ẹ pè ní "Lord ilẹ̀ Scotland". Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń gbé Edinburgh, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ọ̀rẹ́ mi kan pàápàá ra irú oyè bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń tà á pọ̀ mọ́ ilẹ̀ bíńtín. Ìwé tí wọ́n fi ìda pupa lẹ̀ nídìí ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, ó fi gíláàsì bò ó, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ilẹ̀ tí ìwé náà ń sọ kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú, ẹsẹ̀ bàtà kan lóròó. Ewúrẹ́ ò lè dùbúlẹ̀ síbẹ̀.

Ohun tí àwọn tó ń tà á ń sọ ni pé "laird" ni wọ́n ń pe onílẹ̀ ní Scotland. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n laird kì í ṣe Lord, ilẹ̀ tó tóbi ló sì ń sọ èèyàn di laird. Lord Lyon, tó ń dájọ́ lórí àmì ìdílé níbẹ̀, ti sọ ọ́ gbangba pé irú ilẹ̀ bíńtín bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń rà fún ìrántí lásán, kò tó. Òfin ọdún 2012 tilẹ̀ ní kí wọ́n má kọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ti ìjọba rárá.

Oyè tòótọ́ wọn, Duke ló ga jù, lẹ́yìn náà Marquess, Earl àti Viscount, kí ó tó kan Lord of Parliament, ìyẹn Lord tòótọ́, tó kéré jù nínú wọn. Baron tiwọn yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì: ilẹ̀ ni oyè náà rọ̀ mọ́ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ má fojú kéré àwọn baron o! Láyé àtijọ́, baron ní kóòtù tirẹ̀, ó ní igi ìsokọ́ fún olè ọkùnrin, ó ní kòtò omi tí wọ́n ń ri obìnrin sí. Lẹ́yìn tí Charles Edward Stuart, tó fẹ́ fi ogun gba adé padà fún ìdílé rẹ̀, fìdí rẹmi lójú ogun Culloden lọ́dún 1746 ni ìjọba London gba kóòtù ńláńlá kúrò lọ́wọ́ àwọn ọ̀tọ̀kùlú yìí, wọ́n fún wọn lówó gbà-má-bínú. Ẹjọ́ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ló ṣẹ́ kù fún baron.

Ìjókòó ilé aṣòfin ńkọ́? Láti 1707, tí Scotland àti England di ọ̀kan, mẹ́rìndínlógún péré ni àwọn olóyè láti Duke dé Lord ń yàn láàárín ara wọn lọ sí London. 1963 ni ilẹ̀kùn ṣí fún gbogbo wọn, òfin 1999 sì tún lé ọ̀pọ̀ jáde. Wọ́n tún ní ẹ̀tọ́ kan rí pé a kì í torí gbèsè mú wọn. Ìyẹn ni ì bá dùn mọ́ àwọn olówó tiwa jù. Lónìí, Duke ti Atholl ṣì ní ọmọ ogun tirẹ̀, tí Ọbabìnrin Victoria fún ní àsíá lọ́dún 1845. Ìwọ́de ni iṣẹ́ wọn báyìí, àwọn arìnrìn-àjò a sì máa ya fọ́tò wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ fowó ra oyè lè rà á ṣá. Láti oṣù kọkànlá 2004 ni òfin ti tú oyè baron kúrò lára ilẹ̀, owó gọbọi sì ni. Síbẹ̀, Baron ni yóò jẹ́, kì í ṣe Lord.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún ìròyìn yẹn ṣe. Ọ̀rẹ́ mi ti gbé ìwé tirẹ̀ kúrò ní pálọ̀, ẹ̀yìn fíríìjì ló wà báyìí. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, kí n sọ pé ẹ̀bùn Kérésì ni.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Edinburgh