Kẹ́hìndé, wọlé lọ bá ọmọ rẹ

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Kẹ́hìndé ọmọ mi, Àkànní,

Ẹ kú ewu ọmọ. Mo kí ìwọ, mo kí ìyàwó rẹ. Ọlọ́run tó sọ̀ ọ́ láyọ̀ yóò wo ọmọ náà dàgbà.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ fún mi lórí fóònù lánàá kò jẹ́ kí n sùn. O ní láti ọjọ́ mẹ́ta tí ìyàwó rẹ ti bí, ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù lo máa ń dúró sí. O ní oṣù ọmọ náà kò pé, ó kéré jù, pé kí ó kọ́kọ́ le díẹ̀ kí o tó wọlé lọ wò ó. Mo dákẹ́, ìwọ rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni. Kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì. Ohun tí èmi náà ṣe sí yín ní ọdún 1994 gan-an nìyẹn, mi ò sì sọ ọ́ fún yín rí.

O mọ̀ pé ìbẹ́ta lẹ jẹ́. O mọ̀ pé ọ̀kan padà lọ. O kò mọ ibi tí mo wà nígbà tó lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 8 oṣù keje, ni ìyá yín bí yín. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì nítorí ìbò June 12 tí ìjọba ológun fagi lé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ítálì na Nàìjíríà 2 sí 1 ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, gbogbo àdúgbò dákẹ́ bí ilé ọ̀fọ̀. Oyún yẹn kò tíì ju ọ̀sẹ̀ 29 lọ nínú 40. Ẹ̀jẹ̀ ìyá yín ru, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, dókítà ní a ò lè dúró mọ́. Ìbejì la mọ̀ pé ó gbé. Nọ́ọ̀sì jáde, ó ní obìnrin ni, Táyé dé. Ó tún jáde, ó ní ọkùnrin, ìwọ nìyẹn. Mo ti dọ̀bálẹ̀, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, nígbà tí ó jáde lẹ́ẹ̀kẹta: “Bàbá, ó tún ku ọ̀kan.” Ẹ̀ta-Òkò, obìnrin.

Táyé wọn kílò 1.2, ìwọ 1.1, Ẹ̀ta-Òkò 0.9. Mú ìbẹ́pẹ kékeré kan lọ́wọ́, kí o wo bí ó ṣe rí.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wò yín láti ẹ̀yìn gíláàsì. O mọ bébà tín-ín-rín tí a fi ń tẹ ìwé owó-orí nígbà náà, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń hàn síwájú? Bẹ́ẹ̀ ni awọ ara yín rí. Mo ń rí iṣan. Mo ń rí egungun ìhà tó ń wọlé tó ń jáde. Mo yíjú, mo sì bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ kò sì wọ́n níta fún ẹni tó bá fẹ́ sá. Wọ́n ní kí a wá ẹ̀jẹ̀: mo fún wọn ní tèmi, mo kó méjì nínú àwọn ọmọṣẹ́ mi lọ. Wọ́n ní kí a wá oògùn, mo wá a. Iná ọba ń lọ lọ́sàn-án, ó ń lọ lóru, epo gẹnẹrétọ̀ kò sì sí nítorí ìyanṣẹ́lódì, ni àwa bàbá ọmọ bá ń dáwó jọ, a ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ tò láti ìgbà àkùkọ. Gbogbo ènìyàn ń kí mi: “Bàbá ìbẹ́ta, ẹ kú ìdúró.” Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé sísá ni mò ń sá. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí mi ò bá mọ̀ yín, tí ẹ bá wá padà, mi ò ní mọ ẹni tó lọ.

Ọjọ́ kẹfà, Ọjọ́rú, kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé máa ń gbàgbé láti mí. Ọpọlọ wọn kò tíì gbọ́n tó láti máa rán àyà létí. Nọ́ọ̀sì á fi ìka ta wọ́n ní àtẹ́lẹsẹ̀, wọn á sì padà mí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n ta Ẹ̀ta-Òkò ní àtẹ́lẹsẹ̀, kò dáhùn. Orí ìlà epo ni mo wà. Nígbà tí mo fi máa gbé kẹ́ẹ̀gì dé, wọ́n ti dì í.

Òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e lọ. Àwọn àgbà wá kí wa, wọ́n ní: “Omi ló dànù, agbè ò fọ́.” Mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé, mi ò tẹ ọwọ́ bọ omi yẹn rí. Orúkọ àmútọ̀runwá ló gbé wá, orúkọ tí kì í dúró de ọjọ́ kẹjọ. Láti ìgbà tó ti dé ni mo ti mọ ohun tí à ń pè é. Mi ò pè é sí etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Lóru ọjọ́ kan náà, iná lọ, gẹnẹrétọ̀ kọ̀ kò dáhùn. Àwọn àpótí onígíláàsì yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Nọ́ọ̀sì àgbà kan bá mi ní kọ́ríídọ̀. Ó ní ìyá wọn kò lè dá gbé méjèèjì, ara rẹ̀ kò tíì yá. “Bàbá, ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yín.” Ó rán mi lọ fọ ọwọ́. Nígbà tí ó rí tádàáwà nínú èékánná mi, ó dá mi padà lọ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá gbé ọ lé mi láyà, ìhòòhò, àfi ìlédìí àti fìlà, orí rẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí imú má baà dí, ẹsẹ̀ rẹ ká bí ti ọ̀pọ̀lọ́. Ó fi ìró ìyá rẹ dì wá pọ̀.

Mo bẹ̀rù láti mí. Ọkàn rẹ ń lù bí ti òròmọdìẹ tí a ká mọ́wọ́. Ìgbà mélòó kan lo gbàgbé láti mí, tí mo fi ọwọ́ pa ọ́ lẹ́yìn, tí o ṣe hẹ̀ẹ̀, tí o tún bẹ̀rẹ̀. Mò ń pe orúkọ rẹ títí. Iná dé ní nǹkan bí agogo márùn-ún, nọ́ọ̀sì na ọwọ́ láti gbà ọ́, mo ní kí ó fi ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ 53 lẹ lò níbẹ̀, ìwọ àti Táyé. Láti òru yẹn, mi ò fi ọjọ́ kan jẹ.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni mo tó mọ̀ pé ohun tí obìnrin yẹn ṣe ní orúkọ. Kangaroo ni wọ́n ń pè é, bí ẹranko ilẹ̀ Ọsirélíà tó ń gbé ọmọ sínú àpò ikùn. Bogotá ní orílẹ̀-èdè Kòlóḿbíà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1978, níbi tí ọmọ ti pọ̀ ju ínkúbétọ̀, àpótí onígíláàsì yẹn, lọ. Ilé-Ifẹ̀ tiwa yìí wà lára ibi márùn-ún ní Áfíríkà àti Íńdíà tí wọ́n ti dán an wò fún ọmọ tó lé ní 3,000: ikú dín ní ìdá kan nínú mẹ́rin láàrin àwọn tí wọ́n gbé sáyà kété tí wọ́n bí wọn, wọn ò dúró kí ara ọmọ kọ́kọ́ le. Ní 2022, àjọ ìlera àgbáyé WHO sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kí gbogbo ayé máa ṣe. Ṣé o gbọ́? Wọn ò dúró kí ó kọ́kọ́ le. Àyà rẹ ni yóò fi le.

Nítorí náà, bi nọ́ọ̀sì léèrè lónìí bóyá ó ti ṣeé gbé. Bí wọ́n bá ní kò tíì yá, ki ọwọ́ sí i, kí o gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí, kí ó dúró jẹ́ẹ́. Má ṣe máa fọwọ́ ra á lára, awọ rẹ̀ kò tíì gba ìyẹn. Máa sọ̀rọ̀ sí i. Ó ti ń gbọ́ ohùn láti inú.

Ìyàwó rẹ á máa sunkún pé wàrà òun kò wá. Á wá. Kí ó máa fún un síta ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, lóru náà, bí kò tilẹ̀ ju ṣíbí kan lọ. Ìwọ ni kí o máa jí i, ìwọ ni kí o máa fọ ife. Rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń fún ọmọ náà ní wàrà láti ẹnu kì í ṣe àmì ikú. Kò tíì mọ bí a ṣe ń fa ọmú, tí a sì ń gbé e mì, tí a tún ń mí pọ̀ ni.

Èyí ni kí o fọwọ́ mú gidi: káńfọ̀, àwọn bọ́ọ̀lù funfun tí a ń jù sáàárín aṣọ. Ìyá ìyàwó rẹ á kó aṣọ ọmọ wá láti inú àpótí, pẹ̀lú ìfẹ́. Má jẹ́ kí ó kan ọmọ náà. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ wa nílẹ̀ Yorùbá kò gba káńfọ̀; ó máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ibà pọ́njú rẹ̀ á sì le débi pé ó lè ba ọpọlọ jẹ́. Aṣọ tuntun ni kí ẹ rà, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sóòrùn. Má sì gba àgbo, má gba omi lásán.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bèèrè dókítà ojú. Bí wọn ò bá dárúkọ rẹ̀, ìwọ dárúkọ rẹ̀. Ọ́síjìn tó ń gba ẹ̀mí wọn là náà lè ṣe ẹ̀yìn ojú wọn ní jàǹbá. Stevie Wonder, tí wọ́n bí láìpé oṣù ní 1950, ibẹ̀ ni ojú tirẹ̀ lọ.

Àwọn kan á sọ pé olóṣù méje ń yè, olóṣù mẹ́jọ kì í yè. Irọ́ ni. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá fi pẹ́ nínú, èrè rẹ̀ ni. Bí o bá sì fẹ́ mọ ọjọ́ orí rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, yọ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tó kù kí ó tó pé 40 kúrò. Táyé kò jókòó títí ó fi lé ní oṣù mẹ́jọ, àwọn ará àdúgbò ti ń fi ojú sọ ọ̀rọ̀ fún ìyá rẹ. Dókítà ní kí a yọ ọ̀sẹ̀ 11, ó wá hàn pé kò pẹ́ rárá.

Ọmọ tìrẹ kò mú orúkọ tọ̀run wá. Ọwọ́ rẹ ló wà. Má sọ pé ẹ ó dúró kí ẹ délé. Ní ọjọ́ kẹjọ, nínú wọ́ọ̀dù yẹn, ẹ sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀yin òbí ni kí ẹ tọ́ oyin àti iyọ̀ wò, kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀. Oríkì tí èmi fún un ni Àníkẹ́. Pè é bẹ́ẹ̀ lónìí, má dúró de ọjọ́ kẹjọ fún ìyẹn.

Ìyá rẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Má dúró dè é. Gé èékánná rẹ, bọ́ aago àti òrùka, fọ ọwọ́ rẹ dé ìgbọ̀nwọ́. Má wọ bùbá lọ. Ṣẹ́ẹ̀tì tó ní bọ́tìnnì níwájú ni kí o wọ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ