Ẹ Jẹ́ Ká Gbẹ́ Ṣáláńgá Ná, Kí Ẹ Tó Wá Kọ́ Wa Ní Ìmọ́tótó

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tún dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkọ̀ kan, gbohùngbohùn kan, àwòrán ọwọ́ tó ń hó fún ọṣẹ, àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń bi wá ní ìbéèrè bí ọmọ jẹ́léósinmi: "Ìgbà wo la máa ń fọwọ́?" Àwa tí a ti wà lóko láti ìdájí dá a lóhùn pé lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ ni, àti kí a tó jẹun. Ó pàtẹ́wọ́ fún wa. Ẹ gbọ́ ná, ta ló sọ fún un pé a ò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ọ̀rọ̀ omi tí a óò fi fọ ọwọ́ ọ̀hún kò jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń fa ìdọ̀tí ní ibùdó àwa àtìpó, kó lọ bi onílẹ̀ léèrè. Kò gbà kí a gbẹ́ ṣáláńgá. Ó ní ẹni tó bá gbẹ́ ihò lórí ilẹ̀ òun lónìí, lọ́la ni yóò pe ara rẹ̀ ní onílé. Èyí tí a gbẹ́ lọ́dún tó kọjá, ó ní kí a dí i, a sì dí i. Ta ló fẹ́ kí wọ́n lé òun nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà lóko? Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera dé, wọ́n rí ìgbẹ́ lẹ́yìn ahéré, wọ́n ní kí gbogbo wa wá wò ó kí ojú lè tì wá. Ojú sì tì wá. Onílẹ̀ dúró láàárín wọn, ó ń mi orí.

Bangladesh ni ọgbọ́n ìdójútì yìí ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1999 sí 2000. Ó lè wúlò fún ẹni tó nílẹ̀ tó lè gbẹ́. Àwa ò lè gbẹ́.

Àwọn aláṣẹ mọ̀. Ilé onílẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun kí wọ́n tó wá bá wa. Ìgbìmọ̀ ìmọ́tótó tí wọ́n yàn, ẹ̀gbọ́n onílẹ̀ ni alága, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi sì wà lápò rẹ̀. Ẹni tó bá bá wọn jiyàn owó iṣẹ́, omi rẹ̀ ti tán nìyẹn. Ẹ̀tẹ̀ wà ńlẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá!

Ìlànà Sphere, tí àwọn aṣèrànwọ́ ń tẹ̀lé fún àwọn tí ogun tàbí àjálù lé kúrò nílé, ní kí ẹnì kan rí omi lítà 15 lójúmọ́, ó kéré tán, kí àwọn tó ń lo ilé ìgbẹ́ kan má sì ju ènìyàn 20 lọ. Àwa tí ebi lé wá ńkọ́? Lọ́dún 2010 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà pé omi àti ilé ìgbẹ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ọmọnìyàn ni wọ́n wí, wọn ò wí pé onílẹ̀.

Kí wọ́n ká àwòrán wọn nílẹ̀ ná, kí wọ́n lọ jókòó ti onílẹ̀, kí wọ́n kọ ìwé àdéhùn. Ojú ewé kan ti tó, ní èdè tirẹ̀ àti tiwa. Kó wà níbẹ̀ pé ṣáláńgá kì í ṣe ẹ̀rí ìní. Pé bí a bá lọ, ó di tirẹ̀. Pé kò ní sọ pé ká dí i níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì ń ṣiṣẹ́ fún un. Pé a óò fi mítà 30 jìnnà sí kànga, torí òun náà ń mu níbẹ̀. Kó tẹ̀ka, kí àwa náà tẹ̀ka, kí òṣìṣẹ́ ìlera ṣe ẹlẹ́rìí, kó sì mú ẹ̀dà kan lọ sí ọ́fíìsì. A ò tọrọ owó. Ọwọ́ tó ń ro oko olóko kò ní ṣàìlè gbẹ́ ihò. (Onílẹ̀ mìíràn á kọ̀, mo mọ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ tirẹ̀ náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ tiwa.)

Kí obìnrin wà nínú ìgbìmọ̀, àwọn ló ń pọnmi. Kí ẹni tó gbọ́ èdè wa sì máa bá wọn wá.

Wọ́n ti ní àwọn ń padà bọ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, Ọjọ́ Ìfọwọ́ Lágbàáyé. Bí wọ́n bá ń bọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ onílẹ̀ nítorí ìwé yẹn. Kí wọ́n sì gbé omi dání.

Èmi ni,
Àtìpó kan.