Ẹ Bá Wa Tún "Ọdún Ìmọ́lẹ̀" Kọ

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àìsùn.

Nínú ìwé ìròyìn yín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹ kọ ọ́ pé ohun kan ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀run "ní ọdún ìmọ́lẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn". Ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS2 ló kà á, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú iṣẹ́ àṣetiléwá ẹ̀, tíṣà fa báírò pupa lé e lórí. Ó gbé ìwé náà àti ìwé ìròyìn yín wá bá mi, ó ní "Dádì, ó ṣáà wà nínú ìwé ìròyìn".

Tíṣà yẹn jàre. Ọdún ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe àkókò, bí ọ̀nà ṣe jìn tó ni. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa rìn dé tó bá fi odindi ọdún kan rìn láì dúró ni, ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún sì rèé, sẹ́kọ́ǹdù kan péré ló fi ń rin nǹkan bíi 300,000 kìlómítà, ẹ wá ro ti ọdún kan wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tirílíọ̀nù kìlómítà mẹ́sàn-án àbọ̀! Ká ní mọ́tò kan gbéra ní Old Garage níbí ní Òṣogbo, tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, tí ò yà ra epo tí ò yà jẹun, á lò ju mílíọ̀nù ọdún 10 kó tó rìn ín tán. Ìràwọ̀ tó sún mọ́ oòrùn wa jù, Proxima Centauri, mẹ́rin irú ẹ̀ àti díẹ̀ ló jìn sí wa.

Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí Yorùbá rárá. Kí kìlómítà tó dé, ṣebí ìrìn ọjọ́ kan, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta làwọn bàbá wa ń sọ. Títí dòní, ẹ bi dírẹ́bà ní Ọ̀la-Ìyá pé báwo ni Iléṣà ṣe jìn tó, á ní "kò tó wákàtí kan", kò sì sẹ́ni tí ò ní yé pé ọ̀nà ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ "ìrìn" yẹn la yọ kúrò tó fi ń dani láàmú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ ọ́ ní "ìrìn ọdún ìmọ́lẹ̀".

Lálẹ́ ọjọ́ náà wọ́n mú iná lọ, a tẹ́ ẹní síta. Oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, Àgùàlà, tí wọ́n ń pè ní Venus, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ ṣáà mọ̀ pé wọ́n ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ọmọ yìí fi ìka méjì wọn àárín wọn, ó ní "Dádì, wọn ò jìnnà síra wọn o". Mo ní ìmọ́lẹ̀ òṣùpá ò lò ju sẹ́kọ́ǹdù kan àti díẹ̀ kó tó dé ojú ẹ, ti Àgùàlà, ìgbà tó bá tiẹ̀ sún mọ́ wa jù, á lé ní ìṣẹ́jú méjì, ti oòrùn lé ní mẹ́jọ. Mo wá fi Sirius hàn án, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lóru, ìrìn ọdún ìmọ́lẹ̀ 8.6 ni. Àbúrò ẹ̀ tó ti sùn lọ sórí ẹsẹ̀ mi ò tíì pé ọdún mẹ́jọ, ìmọ́lẹ̀ tá à ń wò yẹn ti wà lọ́nà kí wọ́n tó lóyún ẹ̀. Ọmọ yẹn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn ń wo àbúrò ẹ̀, ó tún ń wòkè.

Àwọn onísáyẹ́ǹsì ojú ọ̀run fúnra wọn, tí wọ́n bá ń kọ̀wé síra wọn, parsec ni wọ́n sábà máa ń lò, ọ̀kan ẹ̀ jẹ́ ìrìn ọdún ìmọ́lẹ̀ 3.26. Ṣùgbọ́n Friedrich Bessel, ará Jámánì tó wọn bí ìràwọ̀ kan ṣe jìn tó ní 1838, iye ọdún tí ìmọ́lẹ̀ máa fi rìn ín lòun náà fi ṣàlàyé ẹ̀.

Olóòtú, tẹ́ ẹ bá lè tún un kọ nínú èyí tó ń bọ̀, kódà kó jẹ́ ìlà méjì, màá gé e, ọmọ mi á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé tí báírò pupa yẹn wà.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.