Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Owó Ìwọlé sí Etíkun Tí Kò Ní Ilẹ̀kùn

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé iṣẹ́ ìrìn àjò yín, àti sí ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ ṣí lẹ́tà yìí kó tó tì í sọ́dọ̀ ẹlòmíràn,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti ń pè yín, ohun tí ẹ̀rọ yín sì ń sọ fún mi nìyẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Mo ti mọ orin náà sórí. Àbíkẹ́yìn mi ti ń fi jó.

Mi ò ní tún ìrìn àjò wa sí Brisbane ní Ọsirélíà rò. Orúkọ mi, ọjọ́ tí a lọ, iye tí mo san, gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lẹ sì ti ní kí n kà á fún yín lórí fóònù. Owó kan ṣoṣo ló dá wàhálà yìí sílẹ̀: dọ́là Ọsirélíà 38 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwa mẹ́rin, ó jẹ́ 152. Ẹ kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé "owó ìwọlé sí etíkun South Bank".

A dé South Bank, a wá ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì títí, a ò rí i. Mo fi rìsíìtì yín han ọmọkùnrin kan lára àwọn tó ń ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ó kà á, ó wò mí, ó bi mí pé ta ló gba owó yẹn lọ́wọ́ mi. Ọ̀fẹ́ ni ibẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ibi tí wọ́n ti ṣe àfihàn àgbáyé Expo 88 ni wọ́n kọ́ ọ sí, wọ́n ṣí i lọ́dún 1992, onílé àti àlejò ló sì ń wọ ọ́ láìsan kọ́bọ̀.

Kí n má purọ́, ibẹ̀ wù mí. Etíkun ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n etí nìkan ló wà níbẹ̀, òkun ò sí. Iyanrìn tí wọ́n kó wá ni, omi tí wọ́n ń sẹ́ tí wọ́n sì ń fi oògùn sí ni, kò níyọ̀, kì í ru. Odò Brisbane ń ṣàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ilé gogoro sì tò sí òdìkejì. Ẹni tó bá fẹ́ ìgbì gidi, kó forí lé Gold Coast, bíi wákàtí kan lọ́kọ̀. Ìyá mi tó ti ń bẹ̀rù òkun láti kékeré wọ omi yìí dé orúnkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, mi ò bá etíkun jà. Etíkun ò gbowó lọ́wọ́ mi.

Bó bá jẹ́ ibẹ̀ lọ́rọ̀ parí sí, ǹ bá ti gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé fóònù ṣe dáadáa, ó bẹ̀ mí, ó ní owó á padà sínú àkáǹtì mi láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Mo tilẹ̀ ṣàdúrà fún un. Ọjọ́ 10 pé, mo pè, ẹlòmíràn ní òun ò rí nǹkan kan lórí kọ̀ǹpútà, àfi kí n bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, ọ̀gá kì í sì í dé ṣáájú aago 4 ìrọ̀lẹ́. Aago 4 ìrọ̀lẹ́ yín, aago 1 òru ni ní Brisbane tí a ṣì wà. Mo jí. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì nínú òkùnkùn kí àwọn ọmọ má baà jí, orin yín ń dún sí mi létí fún ìṣẹ́jú 47, ìpè náà sì já. Lóru ọjọ́ kejì mo tún jí. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ fún mi pé ọ̀gá ti lọ fún ìsinmi. Mo bi wọ́n bóyá etíkun ló lọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

A padà délé, ímeèlì yín dé: kí n fi tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n já fún mi lẹ́nu ọ̀nà ránṣẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì wo? Ẹnu ọ̀nà wo? Ṣebí ẹjọ́ tí mo ń rò láti ọjọ́ yìí ni pé ibẹ̀ ò ní ilẹ̀kùn! Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ fèsì pé níwọ̀n bí n kò ti rí tíkẹ́ẹ̀tì fi hàn, ẹ ò lè dá owó padà. Mo kà á sétí ọkọ mi, ó ní kí n tún un kà, ó rò pé mò ń ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé fóònù lọ́jọ́ Ọjọ́rú tó kọjá ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. "Mọ́mì, ṣé ẹ wẹ̀ àbí ẹ ò wẹ̀?" Mo ní a wẹ̀. "Ẹ ti wẹ̀, ẹ ti ya fọ́tò, kí lẹ tún ń bá wa fà?" Ó rò pé òun ti pa fóònù, ó wí fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Ìyá Oníyanrìn yẹn náà tún ni." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ẹ ń ká gbogbo ìpè sílẹ̀ kí iṣẹ́ yín lè máa dára sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ti ọjọ́ yẹn, ẹ gbọ́ ọ dópin.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ẹ̀dínwó ìdá 15 nínú 100 ránṣẹ́ sí mi fún ìrìn àjò mìíràn. Ẹni tó kó adìẹ mi ló tún fẹ́ ta ìyẹ́ rẹ̀ fún mi ní pọ́ọ́kú.

Dọ́là 152 mi ni mo fẹ́, ní owó. Mo sì fẹ́ kí ọmọkùnrin yẹn fúnra rẹ̀ pè mí, kó fi orúkọ mi pè mí. Títí di alẹ́ àná, "owó ìwọlé" ṣì wà lára ìrìn àjò South Bank lórí ìkànnì yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí mo ti sọ fún yín. Ẹ má pè é ní àṣìṣe mọ́.

Ọjọ́ 14 ni mo fún yín. Ẹ̀sùn tí màá fi ránṣẹ́ sí FCCPC, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń gbèjà oníbàárà, ti wà nílẹ̀, pẹ̀lú rìsíìtì àti gbogbo ímeèlì yín. Òfin ọdún 2018 tí wọ́n ń lò kò fàyè gba kí wọ́n máa fi irọ́ tajà fún oníbàárà. Àwa mọ́kànlá nínú ẹgbẹ́ wa là ń múra ìrìn àjò oṣù Kejìlá, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n sì fẹ́ gbé owó wá tẹ́lẹ̀, kó tó di pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka èsì yín sókè nípàdé.

Ẹ má fi orin dá mi lóhùn.

Èmi ni,
Ìyá Oníyanrìn
(orúkọ mi gan-an wà nínú ìwé yín)