Àkànní, máa jí bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́

Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ìyá rẹ ní kí n bá òun kí yín.

Ìyàwó rẹ sọ fún mi pé láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ yín ti kógbá sílé, ó di ọ̀sán kí o tó dìde, o ò lọ ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́, o kì í sì í gbé fóònù àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Má bínú sí i, ọ̀rọ̀ rẹ ló ń ká a lára. Ọ̀lẹ kọ́ ni ọ́, èmi tí mo bí ọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣe ọ ti ṣe odindi ìletò kan rí.

Marienthal ni orúkọ ibẹ̀, kò jìnnà sí Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria. Ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn gbójú lé. Nígbà tó kógbá sílé, nǹkan bí ìdílé mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kò ní ẹni kankan tó ń ṣiṣẹ́ mọ́. Marie Jahoda, obìnrin olùwádìí kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣesí ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo bí wọ́n ṣe ń gbé, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1933. Àyè gba àwọn èèyàn náà wàyí, ilé ìkàwé sì ti yọ owó ìyáwèé kúrò, síbẹ̀ ìwé tí wọ́n ń yá dín kù ní nǹkan bí ìdajì. Àwọn olùwádìí ń ṣọ́ òpópónà láti ojú fèrèsé: púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin dúró ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó rìn ín já. Àwọn obìnrin kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró, nítorí oúnjẹ, aṣọ fífọ̀ àti ọmọ ń dúró dè wọ́n nílé. Wọ́n ní kí ọkùnrin kan kọ ohun tó ṣe ní wákàtí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ohun tó kọ ni pé, láàárín náà, ọ̀sán pọ́n. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, nítorí ìwọ ni mo rántí.

Jahoda ní owó nìkan kọ́ ni iṣẹ́ ń fúnni. Iṣẹ́ ló ń sọ ìgbà tó yẹ kéèyàn jí, òun ló ń múni pàdé èèyàn, òun ló sì ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé òun wúlò fáwọn ẹlòmíì. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ni kí o kọ́kọ́ wá padà, kí owó tó dé.

Máa jí ní ìgbà tí o ti ń jí tẹ́lẹ̀. Wẹ̀, múra, kí o máa mú àwọn ọmọ lọ sí iléèwé fúnra rẹ. Lọ ìpàdé ẹgbẹ́, kódà bí o ò bá rówó oṣù san. Kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ gbèsè, kò burú, ṣáà jókòó sáàárín wọn. Bí àwọn tí o kọ̀wé wáṣẹ́ sí kò bá dá ọ lóhùn, ọkàn rẹ á fẹ́ sọ pé o ò dáa tó. Irọ́ ni. Owó dísù ló ti ilé-iṣẹ́ yín pa, kì í ṣe ọwọ́ rẹ.

Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Mushin sọ̀rọ̀. Owó tó máa fún ọ ò ní pọ̀, ṣùgbọ́n aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ń retí rẹ lọ́jọ́ Ajé.

Èmi ni bàbá rẹ.