Ẹ̀gbọ́n mi, abẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àìrí ara ẹni. Ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ńkọ́?

Mo ti wo àwòrán ọkọ̀ ojú omi alumíníọ̀mù mẹ́ta tí ẹ fi ránṣẹ́, tí ẹ fẹ́ mú ọ̀kan rà nínú wọn fún ẹja pípa àti fàájì ìdílé. Èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ń kọ mànà yẹn, ẹ má jẹ́ kó wọ̀ yín lójú. Abẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Lórí omi tó dákẹ́, èèyàn lè dìde ju àwọ̀n nínú rẹ̀ láìmì. Ṣùgbọ́n bí ìgbì bá dé, ńṣe ni yóò máa lu omi gbì gbì, tí gbogbo ará ilé á sì rin gbingbin. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, tí iwájú rẹ̀ mú bíi lẹ́tà V, tí abẹ́ rẹ̀ wá ń tẹ́ bọ̀ lẹ́yìn, ló lè jẹ́ ọkọ̀ ẹja àti ọkọ̀ fàájì pọ̀. Ẹ jẹ́ kó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 16, kí páànù abẹ́ rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 2.5, kí etí rẹ̀ sì ga kọjá ìbàdí ọmọ tó kéré jù.

Rìfẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìṣó kékeré tí wọ́n ń lu ìdí rẹ̀ pa, ni wọ́n fi so páànù ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn pọ̀. Kò burú: ó fúyẹ́, èyí tó bá sì dẹ̀ ṣeé fi òòlù lù padà, kí ẹnìkan fi irin wúwo tì í lódìkejì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí àwọn wẹ́dà fi iná jó pọ̀ le jù ú lọ, àmọ́ bó bá sán níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀, kì í ṣe gbogbo wẹ́dà ló mọ alumíníọ̀mù jó.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bu omi sínú rẹ̀ lórí tírélà, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí gbogbo ibi tó bá ń kán lábẹ́ ká. Ẹ má bù ú jù o. Sẹ̀ǹtímítà 10 péré lè wọ̀n tó ìdajì tọ́ọ̀nù.

Ẹ ṣí pákó ilẹ̀ rẹ̀ náà wò. Fóòmù abẹ́ rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rì bí omi bá kún un; bó bá ti fa omi mu, ẹrù lásán ni. Pákó tí wọ́n fi oògùn oníbàbà rẹ a máa jẹ alumíníọ̀mù, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dà oníbàbà. Kódà owó ẹyọ bàbà kan tó jábọ́ sínú omi iyọ̀ nísàlẹ̀ ọkọ̀ lè dá ihò sí i.

Ó ku ẹ́ńjìnnì. Ẹ bá mi wọn gíga ibi tí wọ́n ń gbé e kọ́ lẹ́yìn: sẹ̀ǹtímítà 38 ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, 51 ń fẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Bí ẹsẹ̀ yìí, ìyẹn apá ẹ́ńjìnnì tó ń wọnú omi, bá kúrú jù, afẹ́fẹ́ ni abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lọ yóò máa gbá dípò omi. Ẹ fi iye gíga náà ránṣẹ́ kí n tó ra ẹ́ńjìnnì kankan níbí.

Èmi ni,
Àbúrò yín