Ọ̀rọ̀ ebi àti Hitler tá à ń fà

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àárò rẹ ń sọ mí gan-an. Láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà rẹ, ibi tó o ti ní ebi ló gbé Hitler dórí àlééfà kò kúrò lọ́kàn mi. O ò purọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ara Màmá ti yá, ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti ń ríran, wọ́n ní kí n kí ọ.

Wo ọdún 1923, nígbà tí owó Jámánì di yẹpẹrẹ, tí dọ́là kan ń gba máàkì tó lé ní tírílíọ̀nù 4. Hitler fẹ́ fipá gbàjọba ní Munich lọ́dún yẹn, kò rí i ṣe. Nǹkan rọ̀ díẹ̀, ará ìlú sì pa á tì: nínú ìbò 1928, ìdá 2.6 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹgbẹ́ rẹ̀ rí. Àfìgbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní 1929, tí àwọn tó yá Jámánì lówó ń gba owó wọn padà. Ní 1930, ó di ìdá 18.3. Ní July 1932, ìdá 37.3, aláìríṣẹ́ sì ti tó mílíọ̀nù 6.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn Kọ́múníìsì ni ọ̀pọ̀ aláìríṣẹ́ wọ̀nyẹn sá tọ̀. Àwọn àgbẹ̀ àtàwọn oníṣòwò kéékèèké, tí nǹkan ṣì kù lọ́wọ́ wọn, ló rọ́ tẹ̀ lé Hitler. Ẹ̀rù pé ó máa kàn wọ́n ló ń lé wọn. Ta ló sì wà níbẹ̀ tó máa fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀? Brüning, olórí ìjọba, ń gé owó oṣù, ó ń dín owó ìrànwọ́ aláìríṣẹ́ kù, ó sì ń fi kún owó orí, gbogbo rẹ̀ nípa àṣẹ pàjáwìrì. Inú bí mi bí mo ṣe ń kà á. Bí ìjọba bá kẹ̀yìn sí èèyàn báyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá wá ní àwọn Júù ló fa ìyà náà yóò rí ẹni gbọ́ tirẹ̀.

Síbẹ̀, ní November 1932, ìbò Hitler ti wálẹ̀ sí ìdá 33.1! Hindenburg, ààrẹ Jámánì, ló fi í ṣe olórí ìjọba ní January 30, 1933, torí Papen, tó ti ṣe olórí ìjọba rí, àtàwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ rò pé àwọn á lè máa darí rẹ̀. Ebi kọ́ ló fọwọ́ sí ìwé tó fi gorí àlééfà. Ebi pa Amẹ́ríkà náà, Roosevelt ni wọ́n dìbò fún, ó sì wá iṣẹ́ fún èèyàn. Ní Gíríìsì ẹ̀wẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú Golden Dawn, tó kórìíra àjèjì, tí kò rí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ní 2009 rí nǹkan bí ìdá 7 ní 2012. Oúnjẹ ni wọ́n ń pín, fún ọmọ Gíríìsì nìkan.

Jọ̀ọ́, àbúrò mi tó wà nítòsí rẹ ni mo ń rò. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ń tì í ni kò fi sọ fún ọ. Fídíò ọkùnrin kan ló ń fi ránṣẹ́ sí mi ṣáá, tó ń pariwo pé àwọn kan ló ba ayé jẹ́, àfi ká lé wọn dànù. Má bá a jiyàn. Bá mi wá iṣẹ́ fún un, ohunkóhun tó bá yọjú, kó o sì máa pè é wá jẹun lọ́dọ̀ rẹ. Má jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo sọ fún ọ.

Tètè fèsì.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ